Etí Hàwáwù

Ọdún kejì tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún títì ni Mọ̀núrù ra ọkọ̀ fáànù àlòkù. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe mẹ́sẹ́njà ní kóòtù Igbóṣeré, tó ń ru fáìlì kiri títí orúnkún rẹ̀ fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó fẹ́ máa fi ọkọ̀ náà kó búrẹ́dì láti Ẹ̀bùtẹ́-Mẹ́ta wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, lórí afárá Kátà, iná pupa kan là lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Kó tó dé Ìdúmọ̀tà, èkejì ti ń ṣẹ́jú: yóò tàn, yóò kú, yóò tún tàn. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ bá lọ́nà kàn ṣí ojú ẹ́ńjìnì ni, ó sì pa á dé.

"Bàbá, ẹ́ńjìnì yìí ti lọ. Àfi ká tú u palẹ̀."

Mọ̀núrù rọra wà á dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ó kàn jókòó, ó ń wo iná méjèèjì bí ẹni tí adájọ́ dá lẹ́bi.

Hàwáwù ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Àtìgbà tí ọkọ̀ náà ti yà wọ àdúgbò ló ti dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, tó gbé orí sókè.

"Bàbá Sùrájù, kí ló ń han nínú ọkọ̀ yín yẹn?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ó ń han. Ẹ má tíì pa á."

Ó dìde, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mọ̀núrù fi iná méjèèjì hàn án bí ẹni tó ta ọkọ̀ náà ṣe ṣàlàyé fún un: èyí ti bátìrì, èyí ti ọ́ìlì. Hàwáwù ní kó pa ẹ́ńjìnì, ó ṣí i, ó sì rí bẹ́líìtì tó so àwọn àgbá inú rẹ̀ pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó pàdé ìbátan nílùú òkèèrè. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó jìn wọlé.

"Ó ti dẹ̀. Ti ẹ̀rọ mi náà máa ń ṣe báyìí. Màá máa tẹsẹ̀ mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ ò ní í gún. Àgbá tó yẹ kó máa fún bátìrì lágbára ni bẹ́líìtì yìí ń yọ̀ lórí rẹ̀."

Ó wọlé lọ mú ọmọ odó. Ó fi ti dáínámò, àgbá bátìrì náà, sẹ́yìn títí bẹ́líìtì fi le, Mọ̀núrù sì fi sípánà dì í. Wọ́n tan ọkọ̀. Igbe náà ti lọ. Iná àkọ́kọ́ kú pátápátá.

"Sùbùhánálláhì!" ni Mọ̀núrù wí.

Ó ku èkejì. Wọ́n yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò. Ọ́ìlì kún dé ojú àmì. Hàwáwù ronú díẹ̀.

"Ṣé bí ẹ bá dúró lójú kan ló ń tàn, àbí bí ẹ bá kó sí kòtò?"

"Kòtò ni. Àti gegele afárá."

"Ọ́ìlì tó bá ń tán ò ní í dúró de kòtò kó tó sọ̀rọ̀."

Ó fi ìka tọ wáyà iná náà lọ, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan ibi tí ara rẹ̀ ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Ó ní kí Mọ̀núrù tan ọkọ̀ kó sì máa wo iwájú. Ó fi igi tínrín ti wáyà náà kan irin.

"Ó tàn!"

Ó yà á kúrò.

"Ó kú! Hàwáwù, ó kú!"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é, àwọn ará ilé sì ti pé lé wọn lórí. Mọ̀núrù pa ọkọ̀, Hàwáwù fi àjákù aṣọ wé wáyà náà, ó sì fi òwú so ó jìnnà sí irin.

Lọ́jọ́ kejì, Dáfídì ará Ìjẹ̀ṣà, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Pópó Àgùdà, pààrọ̀ bẹ́líìtì àti wáyà náà. Ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó ní kò sí ohun tó kù. "Ta ló rí i?" Nígbà tí Mọ̀núrù sọ fún un, ó gbé pílíà kalẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e wálé láti wá dọ̀bálẹ̀ fún Hàwáwù.

Lẹ́yìn tó lọ, Mọ̀núrù wo ìyàwó rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ yẹn, tó rò pé ariwo lásán ni.

"Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Ọdún tí mo bí Sùrájù ni ẹ̀rọ mi gan, aṣọ ìyàwó méjì sì wà nílẹ̀. Mo tú u sórí ẹní, mo to gbogbo ẹ̀ bí mo ṣe ń yọ ọ́, mo sì tò ó padà. Kóòtù lẹ wà."

Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni Mọ̀núrù ń wò, ọwọ́ kékeré tí abẹ́rẹ́ ti gún lójú gún nímú.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé e jókòó síwájú ọkọ̀, wọ́n sì jọ gun afárá. Ọ̀sà ń dán nísàlẹ̀ wọn. Hàwáwù di ojú, ó dẹ etí. Mọ̀núrù rọra ń wà á bí ẹni tó gbé ìmáàmù, kò tilẹ̀ fẹ́ mí sókè, títí ìyàwó rẹ̀ fi lajú.

"Ẹ máa wà á lọ," ó ní. "Ara rẹ̀ dá."