Jíìpù Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi

Bí mo bá rí ẹni tó ń fi áńkáṣífù nu ara mọ́tò, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo máa ń rántí. Wọ́n ta oko kòkó ìdílé wa lọ́nà Ìkòyí, wọn ò bi bàbá mi tó ń roko náà, wọ́n fi ra jíìpù ńlá tó ń lo epo àti bátìrì pọ̀.

“Kì í pariwo rárá,” ni wọ́n máa ń sọ fún gbogbo Àpòmù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Bàbá mi sáré lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ìyàwó mi dé ọsibítù ní Gbọ̀ngán.”

Wọ́n wo inú jíìpù. “Awọ funfun ni àga rẹ̀. Lọ wá ọ̀kadà.”

Ọ̀kadà la gùn. Mo jókòó sẹ́yìn ìyá mi, mo dì wọ́n mú. Ìyá mi yè, ọmọ inú kú.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá kí wa, wọ́n ní Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Bàbá mi ṣe àmín. Èmi ò ṣe é, n ò sì kí wọn mọ́ títí dòní.