Ọ̀rá Ewé Nínú Ilẹ̀ Àtijọ́

Láàárín àwọn ọdún 1990, ó kù díẹ̀ kí n gboyè ní ilé ẹ̀kọ́ kan l'Óṣogbo. Iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n fún mi ni pé kí n wá ọ̀rá ewé nínú ilẹ̀ àtijọ́. Ewé a jábọ́, a jẹrà, ọ̀rá ara rẹ̀ a sì wọlẹ̀, a jókòó síbẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀nà méjì ni mo ní láti fi wéra: kí n fi kẹ́míkà se ilẹ̀ náà láti àárọ̀ dalẹ́, tàbí kí n kàn rẹ ẹ́ sínú kẹ́míkà ọ̀hún kí n máa mì ín. Bí n kò bá rí èsì tó dúró, kò sí oyè.

Bàbá mi ló bá mi bu ilẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ kòtò kan tí àwọn awagóòlù ti pa tì l'Ítagúnmódì. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n n'Íléṣà, alàgbà ìjọ sì ni wọ́n. Wọ́n bù ú sínú agolo, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi.

Ọ̀nà méjèèjì mú ọ̀rá jáde bákan náà. Ó pọ̀, ó tún pọ́n díẹ̀. Iná kì í sábà wà nígbà náà, mo bá ń múra láti kọ ọ́ pé kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi ń se ilẹ̀. Olùkọ́ mi wo ìgò méjèèjì títí. Wọ́n ní ọ̀rá àtijọ́ ti dì mọ́ ilẹ̀, kì í gbọ́ ti mímì. Èyí tó bá tètè jáde báyìí, ọ̀rá tuntun ni.

"Lọ bi ẹni tó bù ú."

Tìbínú-tìbínú ni mo fi délé. Bàbá mi ń gé èékánná.

"Mo ta epo pupa sí i díẹ̀," ni wọ́n wí. "Epo ni ẹ̀rọ̀. A kì í fi ọwọ́ gbígbẹ bu ilẹ̀ tó jìn tó yẹn."

"Ẹ̀yin alàgbà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ò ta epo kó tó wọ ibẹ̀. Ilẹ̀ ya lù ú. Má sọ fún pásítọ̀."

Àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ò lè gba epo. Lọ́jọ́ kejì, èmi fúnra mi ni mo wọ kòtò náà. Bàbá mi dúró létí rẹ̀ pẹ̀lú ìgò epo lọ́wọ́, wọ́n ń fi oríkì pè mí léraléra, èmi náà ń dá wọn lóhùn.

Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn, mímì kò rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀. Sísè rí ìwọ̀nba, bí ipa ìgbín lára ìgò. Òun ni mo fi gboyè.

Nígbà tí mo gòkè láti inú kòtò, ìgò epo ti ṣófo. Bàbá mi ti jìnnà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n ti da gbogbo rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ara wọn, níbi tí kò ti lè kan ilẹ̀ mi.