Òrí Tí Mo Fi Pa Ẹ̀rọ Ìmí Bàbá Rose

Ẹ bá mi dúpẹ́ lórí ọkọ mi, Samuel, Bàbá Rose. Abẹ́ omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Warri ló ti kọ́ ọ kó tó padà wálé sí Ògbómọ̀ṣọ́. Á gbé agolo afẹ́fẹ́ pọ̀n, á fi ẹ̀rọ ìmí sẹ́nu. Régúlétọ̀ ni wọ́n ń pè é. Méjì ló ní. Ọ̀kan fúyẹ́, ó ní ihò tí omi ń gbà wọlé. Ti òkun tó mọ́ gaara nìyẹn. Èkejì wúwo, rọ́bà bò ó pinpin. Ti omi ẹlẹ́rẹ̀ ni, torí bí ẹrẹ̀ bá wọnú ẹ̀rọ, ó lè há, kí afẹ́fẹ́ tú dànù tán lábẹ́ omi.

Ní oṣù kìíní 1988, igi àti ẹrẹ̀ dí páìpù dáàmù kan lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, omi ẹ̀rọ ò yọ nílùú. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkọ mi. Mo wá rí i pé ọyẹ́ ti ń sán rọ́bà èyí tó wúwo. Èmi ọmọ Ọ̀yọ́, kí là ń fi sí ohun tí ọyẹ́ bá sán? Mo bu òrí tí ìyá mi rà l'Ákẹ̀sán, mo fi pa á tinú tẹ̀yìn. Mo rò pé oore ni mo ṣe!

Mo bá a gbé ẹrù dé etí omi. Bó ṣe gbé ẹ̀rọ ìmí náà sẹ́nu ló yọ ọ́.

"Àmọ̀kẹ́, ta ló fi òrí pa èyí?"

"Èmi ni. Ọyẹ́ ti sán an."

"Háà! Epo àti afẹ́fẹ́ inú agolo kì í rẹ́. Ẹrẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ọn."

Ẹnjiníà dáàmù náà, tó ti ń dúró dè é, rìn wá bá wa. "Ṣebí èkejì wà níbẹ̀? Àbí ẹ̀rù ń ba ọkùnrin Warri ni?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, sà. Òkun lèyí tó fúyẹ́ yẹn mọ̀, kò mọ ẹrẹ̀."

Ló bá jókòó, ó tú èyí tó wúwo palẹ̀, ó fi ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, ó dúró kó gbẹ. Wákàtí mẹ́ta gbáko! Ẹnjiníà ń pòṣé.

"Ta ló bà á jẹ́ ná?"

"Èmi ni mi ò bójú tó o, sà."

Mo gbọ́ ọ, mo sorí kọ́.

Ó wọ omi. Mo tẹjú mọ́ ibi tí omi ti ń hó wùrùwùrù lókè orí rẹ̀. Bó bá dáwọ́ dúró, èmi náà ò ní mí mọ́. Ó pẹ́, ó pẹ́, kó tó yọrí, ẹrẹ̀ lójú, ẹ̀rín lẹ́nu.

Ìrọ̀lẹ́ ni omi ẹ̀rọ yọ padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ò sọ mí di opó, mo wá kúnlẹ̀ fún ọkọ tó gba ẹ̀bi mi rù lójú ọ̀gá.

"Ẹ ṣeun, olówó orí mi."

"Dìde, jàre, bá mi pọn omi ìwẹ̀. Ẹrẹ̀ ń yún mi."