Tọ́ọ̀ṣì Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi

Tọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà tí kì í kúrò ní àpò àyà ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Bàbá náà ti wẹ egbò fún aláìsàn rí ní ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyẹn náà ló fi sọ ara rẹ̀ di dókítà orí fún gbogbo ẹbí. Ẹni tó bá ṣubú tó forí sọlẹ̀, ilé rẹ̀ ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, là ń gbé e lọ. Kò ní tan tọ́ọ̀ṣì wò ó lójú o. Oríkì rẹ̀ ni yóò pè. Tónítọ̀hún bá ti dáhùn, á ní, "Ẹni tó mọ oríkì rẹ̀, orí rẹ̀ pé. Kí la fẹ́ là nínú ẹ̀?"

Nígbà ọ̀wọ́n SAP, àbúrò mi tó jẹ́ káfíńtà já bọ́ láti orí òrùlé ní Ìrẹsà, ó forí sọlẹ̀. A gbé e lọ Takie.

Bàbá pè é: "Àkànní!"

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. "Bàbá, èmi nìyí."

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé kejì bẹ bàbá náà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọlójú rẹ̀ kan ti fẹ̀ ju èkejì lọ. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú agbárí. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ Ìbàdàn, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ."

Bàbá yọ ṣùtì sí i. "Ọ̀bẹ ṣáà ló ń yá ẹ̀yin ọmọ yìí lára. Ẹ jẹ́ kó sùn."

Àbúrò mi sùn. Kò jí mọ́.

Lọ́dún kejì, bàbá kan náà wá kí wa ní Ọ̀yọ́, ó yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà wa, ó fi ìpàkọ́ sọ sìmẹ́ǹtì. Ọmọdé kì í pe oríkì àgbà, ṣùgbọ́n mo pè é: "Àjàní!" Ó dáhùn ketekete. Mo ní, "Orí yín pé. Ẹ sùn."

"Orí wo ló pé? Ẹ gbé mi lọ Ìbàdàn! Wo ojú mi ná!"

Ó na tọ́ọ̀ṣì yẹn sí mi. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò tàn. Mo ṣí ìdí rẹ̀ wò. Kò sí bátìrì níbẹ̀. Alántakùn ló ti fi í ṣe ilé.