Ọmọbìnrin Inú Ìwé àti Àwọn Tó Fi Sílẹ̀

Mo rántí ìgbà tí èéfín ẹja yíyan máa ń ta mí lójú débi pé n kì í mọ̀ bóyá ìwé tí mò ń kà ló ń pa mí lẹ́kún tàbí iná ààrò. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà nígbà náà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ń yan ẹja tà. Ìyá ni mo máa ń pè é. Ìkòròdú ni àwọn òbí mi ń gbé. Mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá mi sì ti ránṣẹ́ pé bí mo bá ti jáde, kí n padà wálé wá kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun.

Lọ́dún yẹn ni olùkọ́ wa obìnrin yá mi ní ìwé ìtàn kan tí wọ́n kọ fún àwọn ọ̀dọ́. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kó kàwé sí i. Ọmọ náà sá kúrò nílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó dé ìlú ńlá, ó kàwé, ó di nọ́ọ̀sì. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí wọ́n ń kọ ìtàn nípa rẹ̀. Mo di aṣọ méjì sínú àpò, mo fi pamọ́ sẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ ẹja, mo sì pinnu pé lọ́jọ́ tí a bá parí ìdánwò, èmi náà á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. N kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọmọbìnrin inú ìwé náà kò ṣáà mọ ẹnikẹ́ni, gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sí i.

Ìyá kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí n máa kàwé sókè bí òun bá ń yí ẹja padà lórí iná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ka ibi tí ọmọ náà ti sá lọ fún un. Ó dáwọ́ dúró.

"Ìyá ọmọ yìí ńkọ́? Ta ló sọ fún un?"

"Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, Ìyá."

"Kò wá ọmọ rẹ̀?"

Mo ṣí ìwé síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn. Ibi kan ṣoṣo tí ìyá náà ti sọ̀rọ̀ ni ibi tó ti ní òun kò rí ìwúlò ìwé, òǹkọ̀wé sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú tì mí, nítorí ìyá tó bí mi náà kò mọ̀wé, obìnrin tó jókòó níwájú mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Inú bí mi sí ìwé tí mo fẹ́ràn. Kí n tó mọ̀, mo ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ àpò fún un.

Kò nà mí, kò sì pariwo. Ó bi mí bóyá bàbá mi mọ̀ pé mo fẹ́ kàwé sí i. Mo ní n kò sọ fún un rí.

Ó ní, "Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ rí lo wá fẹ́ sá fún."

Lọ́jọ́ kẹta, àwa méjèèjì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìkòròdú. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ ohun tí a bá wá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Mo ń retí kó bínú bíi bàbá inú ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "máṣíìnì tí mo rà sílẹ̀ dè é ńkọ́?"

Máṣíìnì tuntun wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù lóòótọ́, aṣọ bò ó. N kò mọ̀ rárá pé ó ti rà á.

"Yóò máa lò ó nígbà ọlidé," ni Ìyá fèsì. "Jẹ́ kó tẹ̀síwájú sí ilé ìwé mọ́dà ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé."

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí bàbá mi tó gbà.

Mo di olùkọ́. Mo ti fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé náà kà, nítorí láìsí i, n kì bá tí mọ̀ pé ọmọbìnrin lè fẹ́ nǹkan, kó sì dìde wá a. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bi mí bóyá ìwé náà dára, mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ní ohun tí Ìyá bi mí: ìyá ọmọ náà ńkọ́? Òǹkọ̀wé náà mọ ọmọ tó fẹ́ lọ dáadáa. Àwọn tó kù sílé ni kò mọ̀. Èmi mọ̀ wọ́n. Ẹnu ọ̀nà ilé wọn ni mo gbà jáde lọ kàwé, lójú gbogbo wọn.