Ẹ̀rọ Omi Méjì Tí Kò Dọ́gba

Nígbà tí mò ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, Mushin ni mo ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́fà kan. Ẹ̀rọ omi méjì ló wà lẹ́yìnkùlé wa, wọn kò sì dọ́gba. Èyí tó wà lẹ́bàá ògiri ń tú omi yàà bí ẹni tí inú ń bí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, ìpẹtà ti dí páìpù rẹ̀, omi rẹ̀ kò nípọn ju ìka ọmọdé lọ. Aago márùn-ún ìdájí ni omi máa ń dé, tó bá sì di nǹkan bí aago méje, ó ti lọ nìyẹn. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ. Ẹni tí kò bá rí omi pọn láàárín wákàtí méjì yẹn, ó di ọjọ́ kejì.

Òfin ilé wa ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ pọn. Ìyá ológì tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ló sì máa ń ṣáájú gbogbo wa. Kí ẹnikẹ́ni tó lajú, ó ti yí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sáré. Omi garawa mẹ́fà ló ń gbà, òun ló sì fi ń sẹ́ ògì. Ta ló fẹ́ bá a wí? Òun ló kọ́kọ́ jí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ariwo ló jí mi. Bàbá awakọ̀ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ló ń pariwo. Bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn ló ń wà láti Jíbówú, ó sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kí aago mẹ́fà tó lù. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó ti pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ti gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, garawa méjì péré ni tèmi!"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé," ni ìyá ológì dáhùn, kò tiẹ̀ wojú rẹ̀. "Ẹ̀rọ kejì ṣófo. Ẹ lọ pọn níbẹ̀."

Ó fi ìbínú gbé garawa lọ sábẹ́ ẹ̀rọ kejì. Mo dúró, mò ń wò wọ́n. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi: garawa kejì bàbá awakọ̀ àti dúrọ́ọ̀mù ìyá ológì, ìgbà kan náà ni wọ́n jọ kún. Bàbá náà fi omi ṣan ara wéré, ó sáré jáde, àmọ́ ó tún pẹ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ wa bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ní kọ̀ǹpútà méjì wà, ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta kí èkejì tó ṣe ẹyọ kan. Iṣẹ́ kéékèèké àti ńláńlá wà nílẹ̀, kálukú ló sì ní àkókò tó gbọ́dọ̀ parí. Báwo la ṣe máa pín wọn tí ọ̀kankan kò fi ní pẹ́?

Gbogbo wa dáhùn pé kí a tò wọ́n ní ìlà, kí èyí tí àkókò rẹ̀ sún mọ́ jù ṣáájú. Kọ̀ǹpútà tó bá ti ṣófo, kó gbé èyí tó kàn.

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ dán an wò."

Àwọn yòókù lọ dán an wò lórí ìwé. Èmi ní ẹ̀rọ omi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wo aago ọwọ́ mi: ìṣẹ́jú mẹ́rin ni garawa kan fi ń kún lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sáré, èkejì gba ìṣẹ́jú méjìlá. Mo wá ń lọ láti yàrá dé yàrá, mò ń bi wọ́n ní ìgbà tí wọ́n ń jáde àti iye garawa tí wọ́n ń pọn. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi ló ń tètè jáde jù, bàbá awakọ̀ ló tẹ̀ lé e, tíṣà kan àti èmi tún tẹ̀ lé wọn. Ìyá ológì ní tirẹ̀ kò nílò omi títí di aago méje.

Mo fi ìdáhùn tí a fún olùkọ́ tò wọ́n. Nọ́ọ̀sì bọ́ sídìí ẹ̀rọ tó ń sáré pẹ̀lú garawa méjì. Bàbá awakọ̀ ló kàn, ẹ̀rọ kejì ló sì ṣófo, ó di ibẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀, ó tún pẹ́! Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé èmi ni mo ṣì í. Ìgbà náà ni mo rí i pé tí bàbá náà bá dúró lásán fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, tó káwọ́ gbera, tí kò wo ẹ̀rọ tó ṣófo rárá, tó dúró de nọ́ọ̀sì, yóò parí kí àkókò rẹ̀ tó pé. Ó yà mí lẹ́nu pé dídúró lè yá ju bíbẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ lọ. Tí dúrọ́ọ̀mù bá sì ti wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń falẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni yóò kún.

Ó kù kí n sọ ọ́ fún ìyá ológì.

"Èmi tí mo kọ́kọ́ ń jí ni o fẹ́ fi sídìí èyí tó ń kán tó-tó-tó?"

"Mà, ẹ ò ní máa tètè jí mọ́. Ẹ kàn gbé dúrọ́ọ̀mù síbẹ̀ lálẹ́, tó bá di àárọ̀, ẹ kírun, tó bá ti kún, ẹ sẹ́ ògì yín. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án."

Ó na ìka kan sí mi. "Ọ̀sẹ̀ kan péré ni o, ọmọ kọ̀ǹpútà."

Ọ̀sẹ̀ kan di méjì. Bàbá awakọ̀ kò pẹ́ mọ́. Ìṣòro tí mi ò retí ni ìyá onílé, tí kì í lọ síbi kankan láàárọ̀, tó wá sọ pé aago márùn-ún ààbọ̀ lòun náà ń jáde báyìí. Tíṣà gbọ́, ó sún tirẹ̀ síwájú. Ìwé tí a fi ń kọ́ wa kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó bá parọ́ àkókò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta, aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú ni omi tó dé. Bàbá awakọ̀ bọ́jú lásán, ó lọ. Nígbà tí àwa yòókù parí, ẹ̀rọ tó ń sáré ṣófo, dúrọ́ọ̀mù ìyá ológì kò sì tíì dé ìdajì lábẹ́ èkejì. A gbìyànjú láti gbé e lọ sábẹ́ èyí tó ń sáré, kò ṣeé gbé. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, omi lọ, aago méje kò tíì lù. Ojú tì mí.

Ìyá ológì kò bú mi. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ẹ̀rọ méjèèjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò gbé dúrọ́ọ̀mù jáde rárá. Garawa mẹ́fà ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀. Ó ń pọn wọ́n kún lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń falẹ̀, bí èkejì sì ṣe ṣófo báyìí, ó kó àwọn tó ṣẹ́kù lọ síbẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún olùkọ́ wa. Ó gbé ẹfun ìkọ̀wé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ pé kí o gé iṣẹ́ kan ṣoṣo sí wẹ́wẹ́ fún ẹ̀rọ méjì?"

"Ìyá ológì kan nílé wa ni, sà."

Ó ní kí n fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì mi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́. Nígbà tí mo gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹni tó ń di ìwé, mo gbé e lọ fún ìyá ológì. Kò mọ̀wé kà, àmọ́ ó ṣí i dé ojú ewé tí mo fa ìlà sí fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

"Èwo ni tèmi?"

Mo fi ìlà tó gùn jù hàn án, tí apá kan rẹ̀ wà lókè fún ẹ̀rọ kan, tí apá kan wà nísàlẹ̀ fún èkejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá bi mí pé, "Níbo lo kọ orúkọ mi sí?"

Mi ò kọ ọ́ síbi kankan. Mo wọ yàrá mi, mo mú bírò jáde, mo sì kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ níṣojú rẹ̀, òun ló ń pè é fún mi.