Jẹ́ẹ̀lì Tí Mo Pè Ní Rílásà

Onígbàjámọ̀ ni mí ní Bọ́ládé, ní Òṣòdì. Irun tí mo bá fi jẹ́ẹ̀lì tẹ́ mọ́lẹ̀, ìjì kan kò gbé e dìde rí. Lọ́dún kan, atẹ́gùn ká òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé e jù sí Ìsọlọ̀. Oníbàárà tó jókòó sábẹ́ rẹ̀, ẹyọ irun kan kò mì lórí rẹ̀. Oorun ló tiẹ̀ ń sùn.

Ṣùgbọ́n irun Àlàájì Sàká fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Òun ni ọ̀gá ibùdókọ̀ kan ládùúgbò wa. Tó bá húkọ́ lásán, gbogbo kọ̀ndọ́ ọkọ̀ á dákẹ́. Ó wọlé bí ọ̀sán Jímọ̀ kan ṣe ń pọ́n lọ, ó ní wọ́n fẹ́ ya fọ́tò òun fún pósítà nírọ̀lẹ́, òun ò ní dé fìlà, kí n fi rílásà tẹ́ irun òun.

Mo ya irun náà wò. Ó ti fi èékánná họ orí, ó ti bó. Rílásà ló ń na irun tó ká, àmọ́ tó bá kan ojú ọgbẹ́, iná ni. Jẹ́ẹ̀lì kì í na nǹkan kan, ó kàn ń di irun mú títí omi yóò fi kàn án. Òróró ni pòméèdì ní tiẹ̀, omi kì í tètè ṣí i, ṣùgbọ́n irun líle máa ń borí rẹ̀.

"Àlàájì, ẹ jẹ́ ká lo jẹ́ẹ̀lì."

"Jẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọdé? Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa bọ̀wọ̀ fún yín nìṣó."

Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo bu jẹ́ẹ̀lì sínú abọ́, mo ní rílásà ni. Mo fi kóòmù tẹ́ ẹ.

"Kò ta mí," ó ní.

"Ojúlówó kì í ta èèyàn."

Ó lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí ni mo gbọ́ tí wọ́n pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí. Mo ti gbàgbé àlùwàlá. Àlàájì yóò fi ọwọ́ tútù pa orí, jẹ́ẹ̀lì yóò sì máa yọ̀ bí ilá lójú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo mú ike pòméèdì, mo sáré. Mo bá a nídìí kẹ́tù àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí, ó ti pa orí tán, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Bàbá," ó rọra pè mí, "kí lẹ fi sí mi lórí?"

Mo gbé àyà síwájú. "Jẹ́ẹ̀lì ni. Rílásà ì bá bó yín lórí. Tí ẹ bá fẹ́ lù mí, ẹ kọ́kọ́ kírun."

Ó tọ́ka sí ike ọwọ́ mi. "Ẹ fi ìyẹn kùn ún tá a bá kírun tán. Ẹ má jìnnà sí mi."

Mo kùn ún. Nínú pósítà, apá kan irun náà dìde bí búrọ́ọ̀ṣì, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́.

Irọ́ ni ti òrùlé. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ akin tí mo ní mo sọ nídìí kẹ́tù náà. Ìka Àlàájì ni mo mú, mo fi kan ọgbẹ́ orí rẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Ó ta á, ó yára fà á kúrò. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìlà ìrun. Orí rẹ̀ ni mo ń wò títí ìrun fi parí. Títí dòní, mi ò mọ ohun tí lèmọ́mù kà.